Èékánná ní Àtẹ́lẹsẹ̀ Ọmọ Mi

Mo máa ń já ọmọ mi léèékánná. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ pòṣé ti pòṣé tán, kí a lè máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, tó sùn fọnfọn lórí ẹní, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan, èmi ìyá rẹ̀ á rọra lọ bá a, màá fi èékánná méjì fún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ títí á fi ta jí, tí á fi igbe ta. Ìgbà tó bá ké ni ọkàn mi tó ń padà sí àyè rẹ̀. Màá gbé e mọ́ra, èmi náà á máa sunkún, àwọn ará ilé á ní, "Ìyá ìkókó, kí ló dé?" Màá ní ebi ló ń pa á.

Kò sí ebi kankan tó ń pa á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè ni.

Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló kọ́ mi. Obìnrin ni, ó pupa, ó nírun lórí bí ẹni pé wọ́n bí i pẹ̀lú fìlà. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn, mo lọ kó aṣọ lórí okùn. Nígbà tí mo padà wọlé, mo rò pé oorun ló ṣì ń sùn. Mo jókòó tì í, mo ń ká ìledìí rẹ̀. Mo ká a tán o! Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, pé mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, inú mi ń dùn pé ó jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe, ó sì ti lọ. Dókítà ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe, ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìkókó nígbà mìíràn, láìsàn, láìṣe nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ló lò láyé. Bí ẹ bá fẹ́ ká kà á ní ọjọ́, ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́fà ni. Mo kà á.

Nígbà tí mo wá bí ọkùnrin, gbogbo ayé ń bá mi dúpẹ́, èmi ń ka ọjọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Addo, nítòsí Ajah, nínú ilé kan tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irà. Bàbá wọn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ lọ títí, wọ́n sì ń tà á díẹ̀díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ńlá ń da yanrìn sínú irà, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń sá wá bá wa lẹ́yìnkùlé. Ọ̀ṣun la ti wá. Káfíńtà ni bàbá ọmọ mi, àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Lakowe ló fà á wá sí etí òkun, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, ìyẹ̀fun igi á kún irun rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ìwà jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn ló ń bí mi nínú jù lọ nígbà náà, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló wá láti ilé láti wá máa wẹ ọmọ fún wa, bí àṣà wa. A kì í fi ọmọ tuntun sílẹ̀ fún abiyamọ kékeré nìkan. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n sábà ń lò, ṣùgbọ́n Màmá ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ, kò sì palẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, òun ló ń wẹ ọmọ. Bí mo bá nawọ́, á ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Wo bí ọwọ́ ẹ ṣe ń gbọ̀n." Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ sí òun létí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́? Mo bí ọmọ, mi ò wẹ ọmọ rí, àfi bí àlejò tó wá kí ìyá ìkókó.

Bí ó ṣe máa ń ṣe mí, ọwọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú ìka mi, lẹ́yìn náà àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, kì í ṣe lílù kékeré, á máa lù débi pé màá rí aṣọ mi tí ń mì. Ọ̀fun mi á fún. Etí mi á di. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa sọ lọ́kàn mi: lọ wò ó, lọ wò ó, ó ti kú, ìwọ ń ká aṣọ. Èmi náà á sì lọ wò ó. Màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀. Atẹ́gùn á fẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á gbọ́, màá ní atẹ́gùn ojú fèrèsé ni. Ibẹ̀ ni èékánná ti wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí Màmá rí i, òwúrọ̀ ni. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló ṣe ọmọ yìí ní àtẹ́lẹsẹ̀?"

"Ẹ̀fọn ni, Màmá."

"Ẹ̀fọn tó ní èékánná?"

Ó fi omi ṣan ọmọ náà, ó nu ún, ó wọṣọ fún un, kò sọ̀rọ̀ sí mi mọ́ títí bàbá ọmọ fi dé nírọ̀lẹ́. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì pé bí ọkọ mi bá parí òrùlé tó ń kàn lọ́wọ́ ní Lakowe, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó máa sin òun dé ilé, ọmọ sì ń bá òun lọ. Ó ní òun á máa fún un ní ẹ̀kọ àti mílíìkì. Ó ní bí ara mi bá balẹ̀, kí n wá máa wò ó.

"Títí di ìgbà wo, Màmá?"

"Títí ara ẹ á fi balẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, ìkúnlẹ̀ kò tó mi mọ́. Mo ní, "Dádì, ẹ bá mi bẹ Màmá." Ọkọ mi wo ilẹ̀ títí. Ó wá ní, "Bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ náà ń rí ara ẹ?" Ẹ gbọ́ o, ohùn jẹ́jẹ́ náà ló fi sọ ọ́. Bó bá gbá mi létí, ì bá sàn díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti burú sí i. Mo ń bẹ̀rù pé ọmọ máa kú, mo ń bẹ̀rù pé wọ́n máa gbé e lọ, mo tún wá ń bẹ̀rù ẹ̀rù fúnra rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí ó bá tún mú mi tí Màmá sì rí i, ó tán. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí ìkóríta Ajah pé kò mí dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kẹta náà, mo ń tò lórí ìlà, ni ó mú mi. Mo rí i pé mo fẹ́ ju ọmọ sílẹ̀, mo ké. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde wá, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún obìnrin tó wà lẹ́yìn mi, ó sì fi mí jókòó.

"Ọmọ yìí kò ní nǹkan kan," ó ní. "Ìwọ ni mo fẹ́ rí. Kí ni ìdí ẹ jókòó lé?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní, kí ni ìdí ẹ jókòó lé?"

Inú bí mi. Mo ń kú lọ, obìnrin yìí ń béèrè ìdí. Mo ní, "Bẹ́ǹṣì ni, mà."

"Ó tutù àbí ó gbóná?"

"Ó tutù."

"Kí lò ń gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Tún gbọ́."

Mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù ní òdìkejì títì, tó ń gbọ̀n rìrì, tó ń dákẹ́, tó tún ń gbọ̀n. Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń wúkọ́. Mo gbọ́ ẹni tó ń pe èrò Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí ni ọwọ́ mi ń fara kàn, mo ní etí aṣọ mi. Ó ní ṣé ó le àbí ó rọ̀. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ń rọlẹ̀, ohun tó sì tún wá bí mi nínú nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì àti búlọ́ọ̀kù lè mú ohun tó ń pa mí lọ rọ̀.

Ó ti ṣiṣẹ́ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Ajah. Ó mú mi wọ yàrá kan, ó ní kí n ro gbogbo rẹ̀. Mo rò ó, títí kan èékánná. Kò pariwo. Ó ní ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, ẹ̀rù tó wọlé tó kọ̀ tí kò jáde ni. "Ọmọ tó wà níwájú ẹ lo gbé dání," ó ní, "ṣùgbọ́n èyí tó lọ lò ń wò." Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ mi létí, pé bó bá ṣe mí bíi kí n pa ara mi tàbí ọmọ lára, kí n má dúró wo nǹkan kan, kí n sáré wá bá òun, nítorí òògùn wà fún ìyẹn. Fún èyí tó kù, ó ní kí n máa jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí n máa ṣàkíyèsí èémí mi, kí n mí sínú bí mo ṣe ń ka ení dé ẹ̀rin, kí n mí síta bí mo ṣe ń ka ení dé ẹ̀fà. Bí ọkàn bá sá lọ, kí n má bá a jà, kí n mú un padà bí ẹni ń mú ọmọ tó ń rá kiri. Bí ọwọ́ mi bá sì fẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ, kí n dá a dúró, kí n kọ́kọ́ bi ara mi pé, kí ni mò ń rí?

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ẹ wá wo ohun tí mo fi ṣe.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ohun tí kò ní iye. Sáàmù yìí lẹ́ẹ̀meje, orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, omi inú ife, àbẹ́là mẹ́ta, kojú sí ìlà-oòrùn. Bí o bá sì ṣì í kà, a máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n kà, ohun tí mo gbé délé ni àdúrà. Mo bu omi sínú ife. Mo kojú sí ìlà-oòrùn. Mo fún un ní iye fúnra mi: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún, láìṣì. Ọjọ́ kìíní, ó tù mí lára. Ọjọ́ kejì, mo ṣì í kà ní ẹ̀ẹ̀kẹrìndínlógún, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí lọ́kàn pé bí mo bá ṣì í kà tí mi ò tún un kà, ọmọ máa kú. Èmi nìkan ló yẹ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, mi ò sì mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe di ẹrú èémí nìyẹn. Mi ò já ọmọ léèékánná mọ́, òótọ́ ni, ọwọ́ mi kò ráyè. Mò ń kà láàárọ̀, mò ń kà nídìí ìkòkò, ọbẹ̀ ń jóná. Mo rù, ojú mi jìn wọnú. Mo ro ara mi pin pátápátá ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo rò ó pé bí ohun tí wọ́n fún mi láti fi yọ lọ́fìn bá tún wá di ọ̀fìn, kí ló kù? Títí di òní, bí ẹ̀rù bá tún yọjú sí mi, tó sì máa ń yọjú, irú ìgbà yẹn ni mo máa ń rántí jù, ju ìgbà èékánná lọ.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi ń parí òrùlé. Màmá lọ ra ata. Mo jókòó sílẹ̀, mo pajú dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ti dé ẹ̀ẹ̀kọkàndínlógún nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ebi ń pa á lọ́tẹ̀ yìí, ebi gidi. Ọmú mi ń ro, ó ń jò sára aṣọ. Mo sì jókòó. Mo ní ó ku méjì péré, bí mo bá dìde á bàjẹ́, bó bá bàjẹ́ á kú. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi ha. Mo jókòó! Nígbà tí mo lajú, Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ata wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, Màmá. Mò ń kà ni."

"Kí lò ń kà? Ọmọ ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o pajú dé, ètè ẹ ń jó. Àwọn wo lò ń kà á fún? Ṣé àwọn ẹgbẹ́ ẹ lọ́run náà ni? Ṣé àwọn ni wọ́n gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Ó gbé ọmọ kúrò nílẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun tún ń dúró dè mọ́, ilẹ̀ ọ̀la kò ní ṣú bá òun àti ọmọ náà ní Addo. Ó jẹ́ kí n fún un lọ́mú o, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí bí wọ́dà títí ó fi yó, ó sì gbà á padà.

Mo sá jáde láìwọ bàtà. Láti Addo dé ìkóríta Ajah, mi ò mọ bí mo ṣe rìn ín. Nọ́ọ̀sì ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún àti omi inú ife, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ta ló ní kí o tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Èmi? Ṣé mo fún ẹ ní àdúrà ni? Bí o bá fẹ́ gbàdúrà, gbàdúrà, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ení èjì yẹn kò di ẹnikẹ́ni mú sáyé. Bí o bá kà á ní ẹgbẹ̀rún, kò ní kí ọmọ má kú, bí o bá ṣì í kà, kò ní kó kú."

"Kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀?" Mo ti ń pariwo mọ́ ọn. "Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ nígbà náà?"

"Kó mú ẹ dé ibi tí ọmọ ẹ wà ni. Kò ní iṣẹ́ méjì."

Mo sọ fún un pé wọ́n ń gbé e lọ lọ́la. Ó jókòó. Ó ní ta ló ń wẹ̀ ẹ́. Mo ní ìyá ọkọ mi ni, pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní kí n lọ wẹ ọmọ mi kó tó lọ. Ó ní kí n fi iye sílẹ̀, ohun tí ọwọ́ mi bá kàn ni kí n máa dárúkọ rẹ̀, bó ṣe rí gan-an. Mo tún sọ fún un pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n," ó ní. "Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà ń mú ọṣẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, báàgì méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ti wọṣọ, kò wo ojú mi. Màmá gbé omi kaná, ó gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n lè sọ pé mo wẹ ọmọ mi rí." Ó dìde kúrò lórí àpótí, ṣùgbọ́n kò kúrò nítòsí.

Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ojúgun mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Àyà mi ti ń lù. Mo bu omi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ fi dà sílẹ̀, mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi nígbà náà, mi ò lè purọ́, ni pé màá jù ú sómi, tàbí omi á wọ imú rẹ̀, tàbí ọrùn rẹ̀ á kán. Mo la ẹnu, mo ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Omi nìyí, ọkọ mi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Kànìnkànìn nìyí, ó le díẹ̀. Ọṣẹ nìyí, ó ń yọ̀. Etí ẹ nìyí. Ẹ̀yìn etí ẹ nìyí, mílíìkì ti gbẹ síbẹ̀. Apá ẹ nìyí, ó sanra."

Mo rò pé Màmá á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ bó bá ń wẹ̀ ẹ́? Òun fúnra rẹ̀, oríkì ló máa ń ki fún un láti orí dé ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bá a sọ̀rọ̀. Fọ itan ẹ̀." Mo fọ itan rẹ̀. Mo dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ nìyí. Èmi ni mo já a léèékánná. Má bínú." Ìgbà yẹn ni ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n mi ò dáwọ́ dúró. Mo ní, "Ẹkún nìyí. Ẹ̀rù nìyí, ó wà lọ́fun mi. Orúnkún ẹ nìyí." Ọmọ náà ń wo ẹnu mi. Ojú rẹ̀ dúdú, ó mọ́, kò jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Mi ò tíì rí i rí. Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mi ò tíì rí i pé kò jọ ọ́.

Mo fi omi ṣan án. Ó ku jíjù. Ẹ mọ̀ pé bí a bá wẹ ọmọ tán, a máa ń jù ú sókè, ká hán an, kí ẹ̀rù má bàa máa bà á bó bá dàgbà. Mo di apá rẹ̀ mú. Mo gbé e dúró. Kò ṣeé ṣe.

"Jù ú," Màmá ní.

"Mi ò lè jù ú, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mi ò sọ ọ́ rí. Ẹ̀fọn ni mo máa ń sọ, ebi ni mo máa ń sọ, mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún obìnrin náà rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, mo rò pé ó fẹ́ jù ú fúnra rẹ̀. Kò jù ú. Ó fi ìró rẹ̀ wé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí yanrìn tútù, obìnrin tí kì í jókòó síbi tí wọn kò bá nù.

"Kí lo rò pé mo fi ń gbé e lọ?" ó ní. "Ṣé ìkà ni mo fẹ́ ṣe sí ẹ ni? Ọ̀túnla ló máa pé iye ọjọ́ tí àkọ́kọ́ lò láyé. Èmi náà ń kà á. Mi ò fẹ́ kó pé e nínú yàrá tí àkọ́kọ́ kú sí yẹn."

Mo wò ó. Mo ní, "Màmá, nílé ńkọ́? Ṣé kò ní pé e nílé ni?"

Ọkọ mi yọjú, ó ní kí a ṣe kíá, pé bẹntiróò wọ́n, ọkọ̀ kò ní pọ̀. Màmá gbójú sókè, ó ní, "Ọkọ̀ ta ni? Gbé báàgì wọlé jàre."

Ọ̀túnla náà dé. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, a kò sọ fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ mu ọmú yó, ó sùn. A tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo jókòó lápá ọ̀tún, Màmá jókòó lápá òsì. Ó pẹ́. Oorun rẹ̀ jinlẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́, bí èyí tí mo mọ̀ rí. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ìka mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn, mo wo ikùn rẹ̀.

Bí mo ṣe ń wò ó bẹ́ẹ̀ ni mo rí ọwọ́ kan tó ń rìn lọ sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Màmá ni. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Èékánná méjì ti pàdé.

Mo yọ ọwọ́ mi, mo di tirẹ̀ mú. Ó fẹ́ gbà á, mi ò jẹ́.

"Màmá," mo ní, "kí lẹ̀ ń rí?"

Omi ti kún ojú rẹ̀, kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ó nu ojú. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó.

"Ikùn ẹ̀," ó ní. "Ó ń wú."

"Ó tún ńkọ́?"

"Ó ń wálẹ̀."

Mi ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà kò sì gbà á mọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi jí fúnra rẹ̀.